Ìlẹ̀kẹ̀ Pọ̀, Okùn Ńkọ́?

Ó ti di àṣà nínú àwọn ojú ewé wọ̀nyí pé kí á máa yẹ ọ̀rọ̀ tuntun tí ó bá dé sí àárín wa wò fínnífínní, kí á mọ èyí tí ó jẹ́ ọkà nínú rẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ìyàngbò, kí á tó gbé e sínú àká. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa ní àkókò yìí tí kò yẹ kí ó kọjá láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ òkìtì ìròyìn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dátà ńlá.

Àwọn ọmọ wa mọ dátà sí ohun tí a ń fi owó rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá ọ̀nà. Wọn kò ṣì í, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n mọ̀. Ohun tí wọ́n ń fi owó wọn san ni owó ibodè. Ẹrù tí ń gba ibodè náà kọjá ni ìròyìn nípa àwọn fúnra wọn: ibi tí wọ́n dúró sí, ẹni tí wọ́n pè, ohun tí wọ́n rà, àti ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ní òru nígbà tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Wọ́n san owó ibodè tán, wọ́n sì tún fi ẹrù sílẹ̀ fún oníbodè. Bí a bá ṣe èyí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀kẹ́ ènìyàn, lójoojúmọ́, lọ́dọọdún, tí a sì fi ti ilé ìfowópamọ́, ti ilé ìwòsàn, àti ti ẹ̀rọ tí ń yí ayé ká lókè sánmà kún un, òkìtì tí yóò jẹ́ kò ní òǹkà. Òkìtì yìí ni à ń sọ.

Àwọn tí ń yìn ín ń wí pé bí ó bá ti tóbi tó, a kò tún nílò láti mọ ìdí ohunkóhun mọ́. Kí á sáà kó ohun gbogbo jọ, ẹ̀rọ yóò sì sọ ohun tí ń bọ̀ wá. Àwọn mìíràn, pàápàá láàárín àwa àgbà, ń wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, kò kàn wá. Àwa kò bá ẹgbẹ́ méjèèjì lọ. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé àwọn òǹkàwé wa ni pé ìròyìn dàbí ìlẹ̀kẹ̀, ìsopọ̀ ohun kan mọ́ ohun kejì sì dàbí okùn. Ẹni tí ó ní ọ̀kẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ láìní okùn kò tíì ní ohun ọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó sì ní okùn láìní ìlẹ̀kẹ̀, ọrùn òfìfo ni yóò gbé lọ sí òde. Ìlú wa Ìbàdàn ti jìyà nítorí èyí rí, àwọn òkú wa sì ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú àpẹẹrẹ kan wá láti òkè òkun. Ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ Google ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi ohun tí àwọn ènìyàn ń bèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ìṣirò bí àìsàn ọ̀fìnkìn líle tí wọ́n ń pè ní flu ti ń tàn ká. Ìrònú wọn kò burú: ẹni tí ara bá ń gbóná, tí ikọ́ sì ń yọ lẹ́nu, yóò bèèrè oògùn, bí ọ̀pọ̀ bá sì bèèrè ní ìlú kan, ó dàbí ẹni pé àìsàn ti wọ ìlú náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò wọn bá ti àwọn dókítà mu, ó sì yá ju tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù tí ó parí sí ọdún 2013, iye tí ẹ̀rọ náà sọ ju ìlọ́po méjì ohun tí àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ àìsàn rí lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa iṣẹ́ náà tì. Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn olùyẹ̀wò rí ni pé àwọn ìwé ìròyìn ti ń pariwo àìsàn náà, ẹ̀rù sì ba àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá, àwọn náà ń bèèrè. Ẹ̀rọ ka ìbẹ̀rù, ó pè é ní àìsàn. Ìròyìn kò kéré; òye bí ìròyìn ti ṣe ń bí ìròyìn ni ó kù.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ó ń wá irú òye bẹ́ẹ̀, àwa yóò sì pè é ní ẹ̀kọ́ ohun tí ó so kọ́ra. Ní ọdún 1948, ọdún kan náà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí a ń pè ní Warren Weaver kọ̀wé pé ìṣòro tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń bá pàdé pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ti ohun méjì tàbí mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí òkò tí a sọ àti ilẹ̀ tí ń fà á: ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe ìṣirò rẹ̀. Èkejì ni ti ohun púpọ̀ tí ọ̀kan kò mọ̀ ọ́n fún èkejì, gẹ́gẹ́ bí èérún afẹ́fẹ́ nínú ìgò: a kò mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n a lè mọ ìpíndọ́gba wọn. Ẹ̀kẹta ni ti ohun púpọ̀ tí gbogbo wọn so kọ́ra, tí ọ̀kan kò lè mira kí èkejì má mọ̀ ọ́n lára. Ara ènìyàn jẹ́ bẹ́ẹ̀. Igbó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n wí pé igi kan kì í dá igbó ṣe ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kí ó lọ sí Ọjà Ọba ní àárọ̀. Ta ni ó dá iye owó ata lónìí? Kì í ṣe Olúbàdàn, kì í ṣe ìyálọ́jà nìkan, kì í sì í ṣe ìjọba. Obìnrin kan ti oko dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, òmíràn kò rí ọkọ̀ wọ̀, ẹ̀kẹta ní ìnáwó lọ́la, ẹ̀kẹrin gbọ́ pé òjò pọ̀ jù lókè Ọya. Bí wọ́n ti ń ná an, tí wọ́n ń kọ̀, tí wọ́n ń gbà, iye kan yọ jáde tí kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó mú un wá láti ilé. Bí ata bá wọ́n lónìí, ìròyìn á dé oko, ẹrù á pọ̀ lọ́la, iye á sì wálẹ̀. Iṣẹ́ lọ, àbọ̀ dé, àbọ̀ náà sì pa iná. Àwọn onímọ̀ mọ irú àbọ̀ yìí, wọ́n sì kà á sí ohun tí ń mú ìlú dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àbọ̀ mìíràn wà tí ń ko iná pọ̀. Ẹnìkan sọ pé epo bẹńtiróòlù fẹ́ wọ́n. Ẹni tí kò nílò epo títí di ọ̀la bọ́ sójú títì lónìí. Ìlà gùn níwájú ilé epo. Ẹni tí ó rí ìlà náà gbà pé òótọ́ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, epo ti tán. Irọ́ ti di òótọ́ nítorí pé a gbà á gbọ́. Bí ẹ̀rọ kan bá ka iye ọkọ̀ tí ó wà lójú ìlà láìmọ okùn tí ó so ẹnu mọ́ ẹsẹ̀, yóò wí pé àwọn ará Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí rin ìrìn àjò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan sì tún kù nípa ohun tí ó so kọ́ra: ohun kékeré lè di ńlá nínú rẹ̀. Ní ọdún 1961, Edward Lorenz, onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé afẹ́fẹ́ ayé. Nígbà tí ó fẹ́ tún apá kan rẹ̀ ṣe, dípò 0.506127 tí ó wà nínú ẹ̀rọ, ó tẹ 0.506. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí ojú ń rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣirò náà rìn jìnnà, ojú ọjọ́ kejì kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé bí ó ti wù kí òkìtì wa tóbi tó, ibi kan wà tí àsọtẹ́lẹ̀ kò lè kọjá. Ọlọ́gbọ́n kì í wí pé òun mọ gbogbo ọ̀la. Ó ń palẹ̀ mọ́ dè é ni.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú ọ̀rọ̀ náà bọ̀ sílé. Odò Ògùnpa tí ó gba Agodi wá, tí ó la àárín ìlú kọjá, tí ó sì ń ṣàn lọ lẹ́bàá Òkè-Àdó wa yìí, kì í ṣe odò ńlá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọmọdé lè fo ó. Odò kékeré yìí kún bo ilé ní ọdún 1960, ní 1963, àti ní 1978. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ fún bí wákàtí 10, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní 270 mìlímítà. Àwa tí a jẹ́ ọmọdé nígbà náà kò gbàgbé. Omi gbé ọkọ̀, ó wó afárá, ó wọlé tọ ènìyàn lórí ẹní. Àwọn tí ó kú ju 100 lọ, ọ̀pọ̀ ilé sì di ahoro. Orúkọ tí àwọn ará ìlú fún un ni ó dúró títí di òní: Omíyalé.

Ta ni ó ṣe é? Bí a bá dá òjò lẹ́bi, a purọ́ mọ́ òjò. Ìyá kan da agbọ̀n pàǹtí kan sínú odò; agbọ̀n kan kò lè dí odò. Baba kan kọ́ ilé kan sí etí omi. Ilé kan kò lè fún odò lọ́rùn. Ìjọba da ọ̀dà sí títì kan. Títì kan kò lè dí ilẹ̀ lọ́wọ́ kí ó má mu omi. Ẹnìkan fi páànù bo òrùlé rẹ̀ bí ó ti yẹ ọmọlúàbí. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó gbìmọ̀ láti pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n páànù àti ọ̀dà fi omi ránṣẹ́ sí odò kíákíá, ilé gba ibi tí odò ìbá nà sí, pàǹtí sì dí ẹnu afárá. Títí dé ìwọ̀n kan, bí òjò ti ń pọ̀ ni omi ń pọ̀, a sì lè fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí ẹnu afárá dí tán, ìṣirò yí padà: òjò díẹ̀ sí i di omi púpọ̀ sí i, afárá tí a kọ́ láti fi ènìyàn kọjá omi sì di ìdídò tí ń kó omi jọ lé ènìyàn lórí.

Kì í sì í ṣe pé ìròyìn kò sí. Òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ mọ iye òjò. Òṣìṣẹ́ káńsù mọ ilé tí ó gba ìwé àṣẹ àti èyí tí kò gbà. Àwọn ìyá tí ń tajà lórí afárá mọ ọjọ́ tí pàǹtí bẹ̀rẹ̀ sí dúró sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà agboolé lè fi ìka tọ́ ara ògiri, kí wọ́n sì wí pé ibí ni omi dé ní ọdún báyìí. Olúkúlùkù ní ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó ní okùn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé, ó sì tún pa ju 100 ènìyàn lọ. Òjò ti ọjọ́ náà kò tó ti 1980, ó lé díẹ̀ ní 180 mìlímítà, ṣùgbọ́n láàárín bí wákàtí 4 ni gbogbo rẹ̀ rọ̀. Ẹni tí ó bá ka iye òjò láìka wákàtí rẹ̀ yóò wí pé kò sí ewu. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti bá Ìbàdàn wá ojútùú sí omíyalé. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó lè gbẹ́ ojú odò, kò lè gbẹ́ okùn tí ó wà láàárín àgbọ̀n ìyá kan ní òkè àti ẹ̀mí ọmọ kan ní ìsàlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn àjèjì nìkan ni ó lè ronú báyìí. Nínú ìlú wa yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí a bí ní 1931, tí ó sì fi ayé sílẹ̀ ní 2022. Ní ọdún 1970, nígbà tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó kọ ìwé kan lórí ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń ti oko wá sí ìlú ńlá, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń kà á di òní. Àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀ a máa wo ẹni tí ó ń lọ nìkan: owó pọ̀ ní ìlú, kò sí ní oko, nítorí náà ó lọ. Mabogunje wí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń lọ wà láàárín ohun púpọ̀ tí ó so kọ́ra: ìdílé tí ó lè dá a dúró tàbí tí ó lè tì í lọ, abúlé tí ó ní ilẹ̀ tàbí tí kò ní, ìlú tí ó ní iṣẹ́ àti ilé tàbí tí kò ní. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìròyìn ń padà sí ilé: bí ó bá dára fún ẹni tí ó ṣáájú, àbúrò rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e; bí kò bá dára, ọ̀nà náà yóò tutù.

Àwa tí ń gbé Òkè-Àdó kò nílò ìwé láti gba èyí gbọ́, nítorí pé àwa gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí òwò kòkó sì gbilẹ̀, àwọn Ìjẹ̀bú wá ṣòwò, wọ́n sì tẹ̀dó. Òkè-Àdó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí wọ́n kún. Ẹnìkan kì í dìde láti Ìjẹ̀bú kí ó kàn ṣàdédé já sí àárín àjèjì. Ó mọ ẹ̀gbọ́n tí yóò dé sí lọ́dọ̀, ẹ̀gbọ́n náà mọ onílé, onílé mọ ẹni tí ń wá ọmọ iṣẹ́. Bí ẹ bá fún ẹ̀rọ ní iye àwọn tí ó wá lọ́dọọdún nìkan, yóò ya ìlà kan lórí pépà fún yín. Kò ní sọ fún yín pé lẹ́tà kan láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kan ni ó fa ilé mẹ́wàá.

Ìdí kan ṣì wà tí kò fi yẹ kí á foríbalẹ̀ fún iye: ẹni tí a ń kà mọ̀ pé a ń ka òun. Ẹ rántí ìkànìyàn orílẹ̀-èdè wa. Èyí tí a ṣe ní 1962, a kò gbà á. A tún un kà ní 1963, a sì kéde mílíọ̀nù 55 ó lé díẹ̀, iyàn kò sì tán lórí rẹ̀. Èyí tí a ṣe ní 1973, ìjọba fagi lé e ní 1975. Ti 1991 mú bí mílíọ̀nù 89 wá, ti 2006 mú mílíọ̀nù 140 wá. Ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní òun lé ní mílíọ̀nù 17, nígbà tí àjọ ìkànìyàn kọ mílíọ̀nù 9 fún un. Èyí tí a ṣètò fún 2023, a sún un síwájú. Kí ni ó fà á? Iye orí ni a fi ń pín owó àti àga ìgbìmọ̀. Ní kété tí òṣùwọ̀n bá di ohun tí a fi ń pín ẹran, gbogbo ènìyàn ni yóò fi ọwọ́ tẹ òṣùwọ̀n. Ẹni tí ń kà àti ẹni tí a ń kà wà nínú okùn kan náà. Ìwé Mímọ́ fi yé wa pé oṣù 9 àti ọjọ́ 20 ni Jóábù fi ka àwọn ènìyàn fún Dáfídì ọba, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkàn ọba fi gún un. A kò wí pé kíkà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí ẹni tí ń kà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó fẹ́ fi iye náà ṣe.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí okùn ti borí òkìtì. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn àjò kan láti Làìbéríà gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, ìyá náà sì fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Èkó kún fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn. Gbogbo ayé ń retí ìparun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kò ka gbogbo mílíọ̀nù náà. Okùn ni wọ́n tẹ̀ lé: ta ni ó gbá ọwọ́ aláìsàn mú, ta ni ó bá ẹni náà jẹun, ta ni ó fọ aṣọ rẹ̀? Ènìyàn 894 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì lọ bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú bí ìgbà 18,500. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 nínú wọn kú, àti ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ẹ fi èyí wé ti Google. Níbẹ̀, ìbéèrè tí kò níye ṣi ọ̀nà. Níhìn-ín, orúkọ tí kò pé 900 gba orílẹ̀-èdè là. Ìyàtọ̀ wọn ni pé àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó mọ ohun tí ó so ẹnìkan mọ́ ẹnìkejì.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò dìde níhìn-ín pé, ṣé a kò ti ní i tẹ́lẹ̀? Ṣé Ifá kò ní odù 256 láti inú 16 lọ́nà 16? A ní i lóòótọ́, UNESCO sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo aráyé. Àwa tí a jẹ́ oníwàásù mọ ibi tí ìgbàgbọ́ wa ti yàtọ̀ sí ti babaláwo, a kò sì ní fi bò. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́ òótọ́: ẹni tí ó kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sórí, tí ó sì pín in sí ìdí 256 kí a lè rí i mú nígbà tí a bá fẹ́, mọ̀ pé ìmọ̀ tí kò ní ètò kò yàtọ̀ sí àìmọ̀. Ṣùgbọ́n ìyangàn nìkan kò lè ṣí ẹnu afárá. Bí àwọn baba wa bá mọ bí a ti ń to ìmọ̀, ìtìjú ni ó jẹ́ fún wa bí ìmọ̀ nípa odò wa, ọjà wa àti òkú wa bá wà ní òkè òkun, tí a sì ní láti lọ tọrọ rẹ̀.

Nítorí náà, a kò kọ òkìtì ìròyìn. Àjọ tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ àti èyí tí ń ṣọ́ omi ní orílẹ̀-èdè yìí ń gbé ìkìlọ̀ jáde lọ́dọọdún, ẹ̀rọ òkè sánmà sì ń rí ìkùukùu kí ó tó dé orí wa. Aṣiwèrè ni yóò fi ọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí á fi okùn ti ilé wa sí i. A sì dámọ̀ràn nǹkan mẹ́rin fún àwọn olóyè àti ẹgbẹ́ yìí.

Èkíní, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láti Bẹẹrẹ dé Òkè-Àdó máa wọn òjò. Ohun èlò rẹ̀ kò ju agolo tí ara rẹ̀ dúró gbọọrọ, ìwọ̀n kan, àti ìwé kan lọ. Kí àwọn ọmọ máa kọ iye òjò àti wákàtí tí ó fi rọ̀. Ọmọ tí ó bá wọn òjò fún ọdún mẹ́fà kò ní da pàǹtí sínú odò nígbà tí ó bá dàgbà.

Èkejì, kí mọ́gàjí kọ̀ọ̀kan ní ìwé agboolé, ní èdè Yorùbá, nínú èyí tí a óò kọ ibi tí omi dé rí àti ọdún rẹ̀, ojú odò tí a ti dí, àwọn tí a bí àti àwọn tí ó kú. Àgbà tí ó mọ èyí kò pọ̀ mọ́, ikú kì í sì í dúró de akọ̀wé.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn mọ́gàjí, ìyálọ́jà, olùkọ́, àti ẹnjiníà káńsù máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù sì mú ìwé rẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni a óò ti máa fi okùn sí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnjiníà yóò gbọ́ ohun tí kò sí nínú àwòrán rẹ̀. Mọ́gàjí yóò gbọ́ ohun tí ilé àna rẹ̀ létí omi ń ṣe sí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, kò sì ní lè wí mọ́ pé òun kò mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí á mọ ẹ̀tọ́ wa. Láti ọdún 2023 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tí ó dáàbò bo ìròyìn ara ẹni. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wá gba ìròyìn àdúgbò wa sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, kí ó sì fi àbọ̀ jẹ́ fún wa. Iṣẹ́ tí kò ní àbọ̀, ẹrú nìkan ni à ń rán an.

A mọ̀ pé ohun kan nínú ìmọ̀ràn yìí yóò dun àwọn kan. Àwọn olóyè kan wà tí ó ti ta ilẹ̀ etí odò, àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì wà tí ó ti kọ́lé sí i. Bí ìwé bá ṣí, orúkọ yóò hàn. Ṣùgbọ́n ó sàn kí orúkọ ènìyàn hàn nínú ìwé agboolé ju kí orúkọ ọmọ aládùúgbò rẹ̀ hàn nínú ìwé òkú lọ. Bí odò bá dé, kì í bèèrè ẹni tí ó jẹ́ olóyè.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀nà kan, ìwé jẹ́ ọ̀nà kan, ẹnu àgbà sì jẹ́ ọ̀nà kan. Ìlú tí ó bá dí èyíkéyìí nínú wọn ń dí ojú ara rẹ̀ ni. Kí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti inú ìpàdé tí ń bọ̀ yìí, kí á ra ìwé kan, kí á sì kọ ohun tí omi ṣe ní Òkè-Àdó sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó rí i ṣì wà láàyè. Kí Ọlọ́run ọba tí ó fi iyanrìn pààlà fún òkun fún wa ní ọgbọ́n láti bọ̀wọ̀ fún ààlà odò wa. Àmín.